Ọdún Tí Olórí-Erin Gbé Ilé Wa

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, láàárọ̀ Sátidé, ọmọ mi Bùsọ́lá sáré wọ yàrá mi láìkan ilẹ̀kùn. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò tíì bọ́ bàtà. Ó ní, "Daddy, ẹ dìde! Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe!" Mo tẹ̀lé e dé ojú wíńdò kíṣìnì. Láti ibẹ̀ ni a ti máa ń rí ẹ̀yìnkùlé Asha, ará Íńdíà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ní Lawrenceville, ní Amẹ́ríkà níbí, nítorí pé àwọn tó kọ́ ilé àdúgbò yìí kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ láàárín ilé sí ilé. Asha àti ọkọ rẹ̀ dúró ti bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó kún fún omi. Ère amọ̀ kékeré kan wà lọ́wọ́ Asha, orí erin ló ní. Ó fi kan iwájú orí rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí bí ẹni ń sin àlejò sọ́nà, ó wá rọra rì í sínú omi, ó sì fi etí aṣọ nu ojú. Bùsọ́lá gbé ọwọ́ láyà. "Ẹ rí i, Daddy? Ó ti ju òrìṣà rẹ̀ nù! Three months ni mo fi orúkọ obìnrin yẹn ṣe prayer point. Lọ́la ni mo máa jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì." Mo wo ọmọ mi, mo wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín sì gbé mi débi pé mo ní láti jókòó. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ikọ́ ni. Àgbàlagbà tó bá ti pẹ́ nílé ọmọ rẹ̀ á mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ̀rín di ikọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí. Bí gbogbo ará ilé Bùsọ́lá bá ti lọ síbi iṣẹ́ àti síléèwé, èmi àti fìríìjì nìkan là ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Asha nìkan ló máa ń kan ilẹ̀kùn, á gbé tíì tó fi ata ilẹ̀ sè wá, á ní, "Uncle, ẹ mu ún kó tó tutù." Bùsọ́lá sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má mu ún mọ́, pé a kò mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síwájú rẹ̀. Mo rò ó bóyá kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà fún un ni, kí tíì mi sì tán síbẹ̀, tàbí kí n dákẹ́. Níbi tí mo ti ń rò ó ni ilé bàbá mi ti dé bá mi.

Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. N kò ní ka ìran baba mi fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ mi gan-an kò béèrè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni bàbá mi kọ́ sí Ìkirè. Àwa wà nísàlẹ̀, ayálégbé wà lókè. Ohùn ni mo fi ń rántí ilé náà ju ojú lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọwọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, á ti máa ha ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni rédíò bàbá mi á kọ́kọ́ hó bí epo gbígbóná kó tó wá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi á gbà á, kì í sì í dákẹ́ àfi bí òwú bá já. Bí òwú bá já, gbogbo ilé ló máa mọ̀, torí Màámi á pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe ohùn àdúrà ló fi ń pè é. Bàbá Ìjọ ni bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìtumọ̀ èyí ni pé àwa ọmọ rẹ̀ ń gbààwẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ilé kejì ń jẹun, à ń ka Bíbélì nígbà tí wọ́n ń sùn, a kò sì gbọ́dọ̀ wo eégún, ì báà ṣe láti ojú wíńdò. Òun náà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di onígbàgbọ́, tó sì fẹ́ kó òrìṣà ilé rẹ̀ dànù. Bàbá mi á bá a gbé e dé etídò, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á sì fi orin bọ̀ wálé. Ìlú wa kò mọ àmì mìíràn tó ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ti gbé ère sódò ti di ti Jésù, ó parí.

Ọdún yẹn ni wọ́n kó àwọn tíṣà ará Íńdíà wá sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama agbègbè wa láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Èyí tó kàn wá ni Tíṣà Pátìlì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àpò ẹ̀wù rẹ̀ máa ń kún fún ṣọ́ọ̀kì, gbogbo ibi tó bá sì jókòó sí ló máa ń funfun. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyàwó Tíṣà, ló gba òkè ilé wa. Wọn kì í jẹ ẹran. Wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ẹyin. Màámi rò pé ìyà ni, ó bu ẹran ìgbẹ́ sínú àwo, ó ní kí n gbé e lọ fún wọn. Kò pẹ́ tí ẹran náà fi padà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọpẹ́. Ìyá Àgbà ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹni tó lágbára ẹran tí kò jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Bàbá mi ní tirẹ̀ fẹ́ràn Tíṣà nítorí mi. Mo ti ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan ní Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan, ìṣirò sì lé mi padà sílé. Wọ́n gbà kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Tíṣà ní òun á máa kọ́ mi lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kò sì gba ohunkóhun. Bí Tíṣà bá kó kúrò nílé wa, ọ̀nà Ìbàdàn ti dí mọ́ mi nìyẹn. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀.

Àwòrán ni Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ fi bo ògiri pálọ̀ wọn. Bàbá mi rí i lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé, ó ní bébà ni, àwa náà ní kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò fi ojú kàlẹ́ńdà wò ó. Bí èmi bá ń ṣe ìṣirò lórí tábìlì, òun àti Ìyàwó Tíṣà á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, èmi náà á sì máa túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí Ìyàwó Tíṣà gbọ́ sí Yorùbá. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ tó kún fún ẹ̀wà na ògiri, ó ní, "Àdìó, bá mi bi í, ta ni olójú mẹ́rin yìí?" Ìyàwó Tíṣà ní Bráhmà ni, òun ló dá ayé, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ibi tí wọ́n ti kọ́ tẹ́mpìlì fún un ní gbogbo Íńdíà. Ìyá Àgbà mi orí. "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Ẹni tó ṣe gbogbo iṣẹ́ kì í gba ilé. Níbo lo ti rí ojúbọ Olódùmarè rí?" Ẹni tó tẹ̀lé e, tí ara rẹ̀ dúdú bí aró, ni Fíṣínù. Òun ló ń tọ́jú ayé kó má bàa bàjẹ́. Bí ó bá sì ti fẹ́ bàjẹ́, á gbé àwọ̀ mìíràn wọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ wá tún un ṣe. Ó ti wá bí ẹja rí, ó ti wá bí ìmàdò. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kan bí ọmọ darandaran kan tó ń jẹ́ Kríṣínà, tó ń fọn fèrè tó sì ń jí bọ́tà jẹ.

"Ọlọ́run tó ń jalè!" ni Ìyá Àgbà wí. "Ìyá rẹ̀ kò nà án ni?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyàwó Tíṣà ní ìyá rẹ̀ so ó mọ́ odó.

"Ìyá gidi nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ yí ògiri ká. Ṣífà, tó fi ejò ṣe ẹ̀gbà ọrùn tó sì jókòó sórí òkè, òun ló ń tú ayé palẹ̀ nígbà tó bá gbó kí tuntun lè hù. Ìyá Àgbà ní ìyẹn kì í ṣe ìkà, ẹni tí kò bá sun oko kò ní rí ibi gbin iṣu. Dúrgà gun kìnnìún, ó ní ọwọ́ mẹ́wàá, ohun ìjà wà nínú gbogbo wọn, ó ń pa ẹni ibi tí àwọn ọkùnrin kò lè pa. Ìyá Àgbà, tó bí ọmọ mẹ́sàn-án, wo ọwọ́ mẹ́wàá náà pẹ̀lú ìlara. Lákṣímì dúró lórí òdòdó tó léfòó lójú omi, ọrọ̀ ń dà sílẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Màámi gòkè wá lọ́jọ́ yẹn láti wá wọn ẹ̀wù fún Ìyàwó Tíṣà, ó sì pẹ́ níwájú ìyẹn ju bí ẹni tó wá wọn ẹ̀wù ṣe yẹ kó pẹ́. Saráswátì aláṣọ funfun, tó gbé ìwé àti ohun èlò orin olókùn dání, ló ni ìmọ̀. Òun ni Tíṣà gbé kọ́ sókè tábìlì tí mo ti ń ṣe ìṣirò, ó sì máa ń wò mí bíi pé òun náà ti mọ ìdáhùn. Ẹni ìkẹyìn ni Gànéṣà, ọmọ Ṣífà, tó ní orí erin àti ikùn ńlá, tí eku sì jẹ́ ẹṣin rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí òun ń wẹ̀. Bàbá rẹ̀ dé, ọmọ kò jẹ́ kó wọlé, bàbá bá gé orí rẹ̀, nígbà tó yá ó wá fi ti erin rọ́pò. "Láìbéèrè ọmọ ta ni?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ọkùnrin ni lóòótọ́." Ìyàwó Tíṣà ní Gànéṣà yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí ẹlòmíràn, òun ló ń ṣí ọ̀nà tó dí fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò àti ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìyá Àgbà ní òun mọ ẹnì kan bẹ́ẹ̀, pé bí wọn kò bá kọ́kọ́ fún un ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jẹun ní ìrọ̀rùn. Kò dárúkọ rẹ̀. Ilé Bàbá Ìjọ la wà.

Nígbà tí wọ́n ṣa ẹ̀wà tán, ó bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ látàárọ̀, pé ṣé gbogbo wọn kò pọ̀ jù. Ìyàwó Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnì kan ni, aṣọ ló pọ̀. "Bí iná bá wá ń jólé, èwo lẹ máa ké pè?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Èyí tó bá sún mọ́ wa jù." Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún tipẹ́, bojú wẹ̀yìn bóyá bàbá mi ń bọ̀. "Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra," ló wí, ó sì gbé igbá ẹ̀wà rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa nípa àwọn ẹ̀sìn ayé, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sórí Bráhmà, Fíṣínù àti Ṣífà. Mo kọ ọ́ sínú ìdáhùn mi pé ẹnì kan ni, aṣọ ló pọ̀. Olùkọ́ wa fi bírò pupa béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta ló sọ èyí. N kò lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin méjì tó ń ṣa ẹ̀wà ni. Ayé sì ń yí lóòótọ́. Ní oṣù Keje tó kọjá, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú kan wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ilé Bùsọ́lá ṣe, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní ọmọ Ọ̀ṣun ni òun, òrìṣà wo ló ni orí tèmi? Mo ní ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí. Àánú mi ṣe é.

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bẹ̀rẹ̀, Tíṣà mú mi lọ sí odò kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú, a wa amọ̀. Abẹ́ igi ọsàn wa ló jókòó sí, tó ń mọ erin. Bàbá mi rò pé iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé ni, ó tilẹ̀ dúró, ó gbà á nímọ̀ràn pé ọwọ́jà erin náà gùn jù. Tíṣà gé e díẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé ère náà sórí tábìlì lókè pẹ̀lú òdòdó, wọ́n tan fìtílà, agogo kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyàwó Tíṣà ṣàlàyé fún wa pé àlejò ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ni. Ó ń ṣe oúnjẹ kan fún un tó dà bíi mọ́ínmọ́ín kékeré, àgbọn àti ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà ronú sí i, ó lọ dín dòdò Ìkirè, èyí tó dúdú tó sì ta dáadáa, ó dì í sínú ewé, ó ní kí n gbé e lọ síwájú àlejò. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣé kì í ṣe ẹbọ nìyẹn?" Ó ní, "Ẹbọ wo? Àlejò tó bá wọ Ìkirè tí kò jẹ dòdò, kí ló máa sọ nílé?"

Ọjọ́ kẹfà ni Bàbá Dáníẹ́lì dé. Àgbà ìjọ ni òun náà, ojú rẹ̀ sì ti wà lára àga Bàbá Ìjọ tipẹ́. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ojú sókè nígbà tí agogo dún.

"Bàbá Ìjọ, agogo kí nìyẹn?"

"Ti ayálégbé mi ni."

"Ṣé búrẹ́dì ló ń tà ni?"

Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ dé.

"Wọ́n ní ère ni. Wọ́n ní erin ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Ṣàngó bàbá mi sódò lójú gbogbo wa, ẹ wá fi erin sórí òrùlé ara yín?" Ó ní ìjọ ti sọ̀rọ̀. Kí ìkórè tó dé, yálà kí ère jáde tàbí kí ayálégbé jáde. Bí kò bá sí èyí tó jáde, kí bàbá mi fi àga sílẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí mo rí níwájú mi ni ọ̀nà Ìbàdàn tí igi ńlá wó dí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi gòkè lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta láti lọ sọ fún Tíṣà pé kó wá ilé mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló mu tíì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà kẹta, ìwé ìṣirò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, Tíṣà ti fi hàn án pé mo gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń ṣí ìwé náà, ó ń pa á dé. Màámi bi í pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?" Ó ní, "Ṣé o kò rí i pé ọmọ ń kàwé ni?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá, Bàbá Dáníẹ́lì tún wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń gbọ́ tẹnu bàbá mi, ni Tíṣà bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ère náà lórí. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ni mo gbé àwo òdòdó. Bàbá mi béèrè pé níbo. Tíṣà ní, "Odò, sà." Àwọn bàbá méjèèjì wo ara wọn, wọ́n dìde, wọ́n sì tẹ̀lé wa lókèèrè dé orí afárá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i tí Tíṣà wọ omi títí dé ìbàdí, tó ri erin náà lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gòkè bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún gidi. Bàbá Dáníẹ́lì ṣí fìlà. Bàbá mi kúnlẹ̀ sórí afárá, ó kígbe ọpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi wà létí omi, mo sì gbọ́ ohun tí tọkọtaya náà sọ nígbà tí amọ̀ ń rì. Mo bi Ìyàwó Tíṣà pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu imú, ó ní, "À ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo sáré délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà. Ó ń bó iṣu, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ta ló ń fi òdòdó lé àlejò burúkú lọ? Mo ti mọ̀." Mo ní ṣé kí n sọ fún Bàbá, torí ó ti ń múra àtijẹ́rìí. Ó wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àdìó, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé o fẹ́ lọ sí Ìbàdàn àbí o kò fẹ́ lọ?" Mo fẹ́ lọ. Mo fi ẹnu mi jẹ iṣu.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ì bá tán. Ṣùgbọ́n Bàbá Dáníẹ́lì, tí ojú rẹ̀ rí i, ló wá ń polongo rẹ̀ jù. Nígbà tí ìkórè dé, tí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìẹ kún iwájú pẹpẹ, Àlùfáà ní kí Tíṣà bọ́ síwájú wá sọ fún ìjọ. Tíṣà rò pé ìkíni àlejò ni, ó dìde tayọ̀tayọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ máa ń yára bí ẹ̀pà tí wọ́n dà sórí páànù. Bàbá mi, tí etí rẹ̀ ti mọ́ ọn, ló ń túmọ̀.

"Ṣé ọwọ́ ara rẹ lo fi gbé e sọ sódò?" ni Àlùfáà béèrè.

"Ọwọ́ mi méjèèjì, sà."

"Ẹnikẹ́ni ha fipá mú ọ?"

"Rárá o. Inú mi dùn láti ṣe é."

"Ṣé o máa tún lọ yọ ọ́ jáde?"

Ẹ̀rù hàn lójú Tíṣà. "Láéláé! Ẹnikẹ́ni kì í yọ ọ́ mọ́."

Ìjọ hó yèè. Bàbá mi ń túmọ̀ bí ẹni ń kọrin, òógùn ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀. Àlùfáà wá ní, "Wọ́n ní ìyàwó rẹ sunkún púpọ̀ lójú omi." Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, sà. Ọdọọdún ló máa ń sunkún."

Bàbá mi la ẹnu láti túmọ̀, ohùn kò sì jáde. Mo rí i. Láti ìgbà náà mo ti rí ọkùnrin tí dókítà sọ ọ̀rọ̀ ikú fún, ojú wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wo Tíṣà, ó wo àga Bàbá Ìjọ, ó wo ìjókòó wa níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Ọkùnrin yìí ti nà mí rí nítorí pé mo ní mo ti fọ ẹsẹ̀ nígbà tí n kò fọ ju ọ̀kan lọ. Bàbá Dáníẹ́lì na ọrùn. "Kí ló wí?" Bàbá mi nu ojú rẹ̀. "Ó ní aláàánú ni ìyàwó òun," ló wí. "Ó ní ó máa ń sunkún." Kò purọ́. Ó kàn jẹ́ kí ọdún bọ́ sílẹ̀ lára ọ̀rọ̀ ni. Àlùfáà ní kí Tíṣà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kádìí rẹ̀. Tíṣà ní àyè wà fún Ọlọ́run wa nínú ilé òun. Èyí ni bàbá mi túmọ̀ tó péye láìyọ ohunkóhun, orin sì gba ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ní ti ìrìbọmi, bàbá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Ó sì fi í sílẹ̀, títí Tíṣà fi padà sí Íńdíà.

 Nígbà tí a délé lọ́jọ́ ìkórè náà, bàbá mi jẹ iyán rẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ní kí n pe Tíṣà wá. Mo dúró nítòsí pẹ̀lú omi mímu. Bàbá mi ní, "Tíṣà, ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn, ṣé dandan ni kó jẹ́ odò?" Tíṣà ní omi tó bá ṣáà ti mọ́ ni. Bàbá mi fi orí tọ́ka sí àgbá tí a fi ń gbe omi òjò lẹ́yìn ilé. "Ìyẹn ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kì í gba ibẹ̀ kọjá." Tíṣà wò ó, ó pẹ́ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó sì tẹrí ba.  Bàbá mi kọjú sí mi, ó ní, "Kí lò ń wò? Lọ fọ àgbá." Mo yege ìdánwò náà. Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí erin ọdún kejì wọ àgbá, Màámi ló kọ ọ́ sí mi pé bàbá mi gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń ka Sáàmù sókè, kí ẹnikẹ́ni tó bá dé lè rò pé àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Mo ti ń rò ó láti ọdún wọ̀nyí wá, n kò sì tíì rí ẹ̀yà irọ́ tó wà nínú ìyẹn.

Ní Sunday tó tẹ̀lé bọ́kẹ́ẹ̀tì Asha, a wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain. Tẹ́mpìlì funfun ńlá kan wà lójú ọ̀nà, bí a bá sì ti dé ibẹ̀, Bùsọ́lá á gbé gbogbo gíláàsì mọ́tò sókè, bí ẹni pé òrìṣà ń gba ojú wíńdò wọlé bí ẹ̀fọn. Ó jẹ́rìí. Ó jẹ́rìí dáadáa, ó ní ẹnu bíi bàbá mi. Pásítọ̀, ọmọdékùnrin kan tó wọ ṣòkòtò tó fún un lẹ́sẹ̀, gbé máíkì wá síwájú mi. "Daddy, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?" Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Mo rí Bùsọ́lá tó ń fi ojú bẹ̀ mí, mo rántí tíì aláta ilẹ̀ ọ̀sán Monday. Mo ní, "Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rì í. Ó sunkún." Wọ́n hó yèè. Ọjọ́ kejì, Bùsọ́lá fúnra rẹ̀ ló ní, "Daddy, ẹ lè máa mu tíì rẹ̀ báyìí o."

Nígbà tí mo lọ mu ún, amọ̀ ti yọ́ tán nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti di ẹrẹ̀ pupa kíki. Asha ní, "Uncle, a kì í dà á nù. Inú ọgbà ni wọ́n ń dà á sí. Ṣé kí n fún yín díẹ̀ fún ẹ̀fọ́ yín?" Mo ní ìbùkún kì í pọ̀ jù. Ọkọ rẹ̀ bá mi gbé e kọjá fẹ́ǹsì, mo sì bù ú sí ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi ní ẹsẹẹsẹ. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀fọ́ ọ̀hún kò mọ̀ pé òtútù ń bọ̀.

Lánàá ni Bùsọ́lá sè é. Ó bu ú sórí iyán, ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò. "Daddy, kí lẹ fi sí ẹ̀fọ́ yìí? Kò dùn báyìí rí."

"Amọ̀ ni."

"Amọ̀ wo?"

"Amọ̀ tó dára. Aládùúgbò ló fún mi."

Ó ní Ọlọ́run á bù kún un. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó pa ojú dé, ó sì gbàdúrà gígùn lórí oúnjẹ náà, ó dúpẹ́ fún ilẹ̀, ó dúpẹ́ fún òjò, ó ní kí Olúwa mú gbogbo ìdènà kúrò lójú ọ̀nà wa. Mo ṣe àmín tó rinlẹ̀.